Orí Kẹfà: Láti Jẹ́bà, Lórí Odò Ọya

Ẹni tó bá jẹ́ pé erin àti kìnnìún ló ń wá, kó yáa ṣí orí ìwé tó kàn. Ohun tó wà lórí Odò Ọya láti Jẹ́bà lọ sí apá Pátígi kò tóbi, ṣùgbọ́n ó pọ̀: ẹyẹ tó ń sin ẹyin rẹ̀ sínú iyanrìn gbígbóná, ẹyẹ tí ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ gùn ju òkè lọ, ọ̀nì tó ń yá oòrùn lórí àpáta, àti àwọn àlejò tín-ín-rín kan tí wọ́n fò láti etí yìnyín ìhà Àríwá ayé wá síbí, nítorí kòkòrò inú ẹrẹ̀. Bíi kìlómítà 100 péré ni Jẹ́bà sí Ìlọrin. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ti gba orí afárá ibẹ̀ kọjá lọ sí Kàdúná àti Kánò láìmọye ìgbà, tí wọn ò bojú wo ìsàlẹ̀ rí, àfi bí ọkọ̀ bá dúró kí wọ́n ra ẹja díndín.

Omi ló ń pinnu ohun tí ẹ máa rí lórí odò yìí. Ẹ lè ní kámẹ́rà olówó iyebíye, kí ẹ háyà ọkọ̀ tó lẹ́ńjìn méjì. Bí odò bá kún, omi nìkan lẹ ó wò lọ, ẹ ó tún wò ó bọ̀. Bí omi bá fà, iyanrìn á yọ láàárín odò, gbogbo ohun tó níyẹ̀ẹ́ á sì sọ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó sọ ti ẹyẹ, ẹ jẹ́ ká sọ ti omi.

Ìgbà tí omi bá fà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún lọ́dún ní apá ọ̀dọ̀ wa. Èkíní ń dé láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ilẹ̀ Sókótó àti Kẹ́bí bá rọ́ wọ odò pẹ̀lú ẹrẹ̀. Omi funfun ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà jíjìn ni èkejì ti ń bọ̀. Òjò tó rọ̀ sórí òkè Fúta Jálọ̀ọ̀n ní orílẹ̀-èdè Gíní ni. Ó ṣàn wọ Màlí, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú àbàtà ńlá tó wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ó sì lo oṣù bíi mélòó kan lọ́nà. Ìgbà tó bá fi dé Kàínjì, ọyẹ́ ti ń jà, omi náà sì ti mọ́ gaara. Omi dúdú nìyẹn.

Láyé àtijọ́, odò fúnra rẹ̀ ló ń pín omi yìí bó ṣe wù ú. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù Kàínjì ní 1968, tí wọ́n sì ṣe ti Jẹ́bà tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọdún 1985, ọwọ́ àwọn tó ń fi omi ṣe iná mànàmáná ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n lè tú omi sílẹ̀ lóru, kí iyanrìn tí ẹ jókòó lé lánàá ti rì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní 2012, nígbà tí ìkún omi gbalẹ̀ kan ní Nàìjíríà, abúlé àti oko ìrẹsì etí odò yìí wà lára ohun tó bá a lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an: “Báwo lomi ṣe rí lónìí?” Èsì wọn wúlò ju ohunkóhun tí ẹ lè rí lórí fóònù lọ. Bí ẹ bá sì sọ̀ sórí iyanrìn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ọkọ̀.

Láti ìparí oṣù Kejìlá títí di òpin oṣù Kẹta ló dára jù. Nínú oṣù Kìíní, ìkùukùu ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run débi pé fọ́tò ẹyẹ kì í mọ́, ètè á sì bó. Oṣù Kejì lèmi fẹ́ràn. Tó bá ti di oṣù Kẹrin, ooru á mú, ẹ̀fúùfù òjò àkọ́rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lójijì lọ́sàn-án. Ọkọ̀ apẹja kì í bá irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ohun kan tó yẹ kí arìnrìn-àjò fi sọ́kàn ni pé Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ orí odò yìí. Ní 2027, oṣù Kejì ni Ràmàdáánì máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè lọ nínú ààwẹ̀, wọn ò ní kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbéra ní kété tí wọ́n bá ti kí ìrun àárọ̀ tán, kí ẹ padà kí oòrùn tó gun orí, kí ẹ má sì jókòó síwájú aláàwẹ̀ kí ẹ máa mu omi tútù lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ dá ọlọ́kọ̀ padà kó lè bá ìrun Jímọ́ọ̀.

Ọ̀nà, ọkọ̀ àti ọlọ́kọ̀

Maraba ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ sí apá Àríwá ti ń gbéra ní Ìlọrin. Ẹ ó gba Òkè-Ọyì àti Bódé Sáádù kọjá. Tírélà pọ̀ lójú ọ̀nà náà, kòtò sì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má fi wákàtí kan ṣírò rẹ̀. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn ín. Ẹ bi àwọn awakọ̀ léèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn kí ẹ tó wọlé sọ́kọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wà lórí omi nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ gbọ́dọ̀ sun Jẹ́bà mọ́jú, ìgbà yẹn gan-an ni ẹyẹ sì ń jẹun. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo wọn á ti sá sábẹ́ ìbòòji, ẹni tó ń wò wọ́n nìkan ni yóò máa yan nínú oòrùn.

Ní ti ọlọ́kọ̀, apẹja ni kí ẹ wá. Àwọn kan wà tí wọ́n á sọ fún yín ní gáréèjì pé afinimọ̀nà làwọn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ sí etí odò níbi tí wọ́n ti ń tú ẹja. Nupé ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ara Kédé, ẹ̀ka Nupé tí odò yìí ti jẹ́ iṣẹ́ wọn, oúnjẹ wọn àti ọ̀nà wọn láti ayébáyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ kí wọn kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ewu òru. Ẹyẹ la fẹ́ wò, a ò kánjú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ jẹ́ẹ́, bí ẹni ń dẹ àwọ̀n.” Wọ́n lè bi yín pé, “Ẹyẹ? Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?” Ẹ má bínú. Ẹni tó ti ń bá ẹyẹ du ẹja láti kékeré, ó yẹ kó ya irú rẹ̀ lẹ́nu pé èèyàn fi owó gidi wá wò ó. Bí ẹ bá ti wo ẹyẹ méjì pa pọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ nàka sí ìkẹta.

Ẹ ná owó náà tán lórí ilẹ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá epo wà nínú rẹ̀. Àjẹ̀ àti ọ̀pá dára ju ẹ́ńjìn lọ fún ohun tí a bá wá. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìn ni, ẹ ní kó pa á bí ẹ bá ti súnmọ́ iyanrìn, kí omi máa gbé yín lọ. Èrò mẹ́ta pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ méjì tó fún ọkọ̀ kékeré.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ ra tiyín láti Ìlọrin tàbí Èkó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí wọ́n ní ó wà nínú ọkọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó èrò bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó lóru dojú dé lórí odò yìí nítòsí Pátígi, ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ọkọ̀ náà kún àkúnjù, òkùnkùn ṣú, wọ́n sì ní igi ńlá kan lábẹ́ omi ló kọlù. Gbogbo ohun tó pa wọ́n ló ṣì wà lórí odò náà lónìí: igi ń bẹ lábẹ́ omi, alẹ́ ń ṣú, àwọn ọlọ́kọ̀ kan ṣì ń kó èrò bí ẹni kó iṣu. Bí ọkọ̀ bá kún ju bó ti yẹ lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù, kí ẹ ti máa fojú sọ́nà etí omi.

Àwọn onílé àti àwọn àlejò orí iyanrìn

Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ gbé yín lọ sí òkìtì iyanrìn tó wà láàárín odò, èyí tí omi yí ká, tí ẹran ọ̀sìn kò lè dé. Kí ó dá ọkọ̀ dúró ní nǹkan bí àádọ́ta mítà. Ẹ jókòó. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ẹ lè má rí nǹkan kan rárá, nítorí gbogbo ẹyẹ orí iyanrìn ló ní àwọ̀ iyanrìn. Lẹ́yìn náà, òkúta kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá ni ẹyẹ kan tí kò tóbi ju àdàbà lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, tí ikùn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí orí rẹ̀ dúdú tí ìlà funfun sì gba òkè ojú rẹ̀ kọjá, tí ọ̀já dúdú kan sì wé mọ́ àyà rẹ̀. Bó bá fò, apá rẹ̀ á là ní dúdú àti funfun lójijì. Egyptian plover ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ẹyẹ, orúkọ tí kò bá a mu mọ́, torí ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Íjíbítì. Odò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bí irú èyí ni ilé rẹ̀. Kì í kọ́ ìtẹ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn, ó yé ẹyin síbẹ̀, ó sì fi iyanrìn bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá. Oòrùn ló ń bá a ṣe apá kan iṣẹ́ sísàba. Bí oòrùn náà bá wá mú jù, ẹ ó rí i tí yóò sáré lọ sétí omi, yóò rẹ ìyẹ́ ikùn rẹ̀ sínú omi títí yóò fi gbà á mu, yóò sáré padà, yóò sì sàba lé ibi tó sin ẹyin sí kí omi náà lè tutù sí wọn lára. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lọ́pọ̀ ìgbà, ní gbogbo ọ̀sán. Bí ọmọ bá pa, tí ewu dé, ó lè fi iyanrìn bo àwọn ọmọ náà pẹ̀lú.

Ẹ wá ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹsẹ̀ yín. Ẹyin tí wọ́n sin sínú iyanrìn kò ṣeé rí. Bí ẹyẹ kan bá ń sáré yí yín ká tó ń ké, tàbí tó ń wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ́ lápá, ẹyin tàbí ọmọ wà nítòsí. Ẹ yí padà, kí ẹ sì tẹ ojú ẹsẹ̀ tí ẹ tẹ̀ wá. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀ tí ẹ ń ya fọ́tò, ìyá wọn ò ní lè wá fi omi tu wọ́n lára, oòrùn á sì sè wọ́n.

Àwọn tó ń kó èrò lọ sí Àǹtákítíkà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹgbẹ́ wọn, IAATO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ní òfin pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ pẹ́ńgúìnì ju mítà 5 lọ, àti pé èrò tó ju 100 lọ kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mítà 5 kéré jù fún tiwa. Pẹ́ńgúìnì kò mọ ẹranko tó ń dọdẹ rẹ̀ lórí ilẹ̀, kì í tètè bẹ̀rù. Ẹyẹ Odò Ọya mọ ọmọdé tó ní rọ́bà ọwọ́, ó mọ ajá, ó mọ àwọ̀n. Àádọ́ta mítà ni kí ẹ fi ṣe ààlà, pàápàá láti oṣù Kejì lọ. Kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹni tó ju mẹ́rin lọ sọ̀ sórí iyanrìn kan náà.

Lára àwọn onílé, ẹ tún wá ẹyẹ dúdú òun funfun tí ẹnu rẹ̀ pupa rokoso, tí ìsàlẹ̀ ẹnu náà gùn ju òkè lọ, African skimmer. Lọ́sàn-án, wọ́n á kó ara wọn jọ sórí iyanrìn, wọ́n á kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Tó bá di ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fò gba orí omi lọ gbọọrọ, ìsàlẹ̀ ẹnu wọn á máa la omi títí tí yóò fi kan ẹja. Lórí àwọn àpáta tó yọ sókè ní apá Jẹ́bà gan-an, ẹyẹ kékeré kan wà tó ní ọ̀já pupa rẹ́súrẹ́sú lọ́rùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, tó máa ń tẹríba bí ẹni ń kíni: rock pratincole. Ojú àpáta lásán ló ń yé ẹyin sí nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀. Òun ni mo máa ń rò bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tú omi dáàmù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ti ẹyẹ apẹja dúdú òun funfun tó ń dúró sójú kan lófuurufú tó ń gbọn apá kó tó jábọ́ lu omi, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ ó rí i títí yóò fi sú yín.

Ó wá kan àwọn àlejò. Etí ibi tí omi àti ẹrẹ̀ ti pàdé ni kí ẹ wò. Ẹyẹ tín-ín-rín kan ń sáré síwá-sẹ́yìn níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìsinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Little stint ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ìdajì ẹyin adìyẹ kan lọ. Ibi tí wọ́n ti pa á ni etí Òkun Yìnyín, ní òkè Nọ́wè tàbí ní Sàìbéríà, ní ilẹ̀ tí igi kì í hù sí, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ nínú oṣù Kẹfà. Oṣù díẹ̀ ni kòkòrò fi ń wà níbẹ̀; bí òtútù bá padà, oúnjẹ tán, ó di dandan kó máa fò bọ̀. Àwọn olówó ayé ń san owó ńlá kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ lọ wo ilẹ̀ yìnyín tí ẹyẹ yìí ti ń yé. Òun fúnra rẹ̀ ń ná ọ̀nà náà lọ́dọọdún.

Kì í nìkan wá. Ruff tó ga jù ú lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ìpẹ́, ń bá a bọ̀ láti ìhà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni greenshank tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó ní àwọ̀ ewé, àti ringed plover tó ní ọ̀já dúdú kan láyà. Wood sandpiper ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ lè rí òun ní àbàtà etí dáàmù Asà nínú Ìlọrin gan-an, láìdé Jẹ́bà. Ẹyẹ ńlá kan tún wà, osprey, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú rẹ́súrẹ́sú, abẹ́ rẹ̀ funfun, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì jábọ́ sínú omi mú ẹja; Yúróòpù ni òun ti ń wá. Láti oṣù Kẹjọ ni irú wọn ti ń dé, ọ̀pọ̀ á sì ti lọ kí oṣù Karùn-ún tó tẹnu bọlé. Bí ẹ bá lọ ní ìparí oṣù Kẹta, ẹ lè bá àwọn kan tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìyẹ́, tí wọ́n ń wọ aṣọ ìyàwó sílẹ̀ de ọ̀nà.

Ohun tó wà nínú omi

Ọ̀nì ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti Odò Náílì ní 2011, kò le bí ìyẹn. Ìyẹn kò ní kí ẹ fẹsẹ̀ wọ́ omi létí ọkọ̀. Òwúrọ̀ kùtù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù lẹ máa rí i lórí àpáta tàbí iyanrìn, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Awọ́nríwọ́n pọ̀ jù ú lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹnì kan bá sì ké pé “ọ̀nì!”, òun ni.

Erinmi yàtọ̀. Omi ńlá Kàínjì àti odò Oli ló ti dájú jù. Ní ìsàlẹ̀ odò, ọlọ́kọ̀ ló mọ̀ bóyá ó wà nítòsí, nítorí ó ti rí ojú ọ̀nà tó tẹ̀ nínú koríko lóru àti ìgbẹ́ tó fọ́n káàkiri. Bí ó bá ní “ó wà níbí”, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó súnmọ́ ọn sí i. Bí erinmi bá la ẹnu gbàgà sí yín, oorun kọ́ ló ń kùn ún, ìkìlọ̀ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ wà láàárín òun àti ibi tí omi ti jìn, ibẹ̀ ló máa sá gbà.

Ẹranko omi kan wà tó jẹ́ pé ó ṣòro kí ẹ rí i ju erinmi lọ: ayú, bí àwọn Háúsá ṣe ń pè é. Ó tóbi, ara rẹ̀ rọ̀, koríko ló ń jẹ, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ wo koríko etí omi tí wọ́n ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti inú omi wá, kí ẹ sì tẹ́tí sí èémí tó dún fùù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àárọ̀ tí atẹ́gùn ò fẹ́. Imú nìkan ló ń yọ. Wọ́n ti pa púpọ̀ jẹ nínú wọn, wọ́n sì ti fi òfin de títà rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ẹran rẹ̀ tàbí òróró rẹ̀ fún yín, ẹ má rà á, ẹ má bèèrè iye rẹ̀ pàápàá.

Ní ti ẹja, agbọ̀n àwọn apẹja ní àárọ̀ tó ilé ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́. Ẹ ó rí àrọ̀, ẹ ó rí epìyà, ẹ ó sì rí òjìjí, tó sanra tí ara rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án bí ó bá ṣì ń mí. Iná inú rẹ̀ lè ju fólítì 300 lọ, inú àwọn apẹja sì máa ń dùn púpọ̀ bí àlejò bá fọwọ́ kàn án.

Ìlera wà nínú ọ̀rọ̀ omi pẹ̀lú. Omi tó dúró sójú kan, tí ojúoró àti òṣíbàtà bò, ni ìgbín tó ń fa àtọ̀sí ajá ń gbé. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta ni eṣinṣin dúdú kékeré tó ń fa ìfọ́jú ń pamọ. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn. Ẹ gbé omi mímu dání, fìlà tó ní etí, ọ̀rá fún fóònù, àti kúlíkúlí. Wàrà Ìlọrin dára, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó tó kan nínú oòrùn yẹn.

Àwọn tó ti ṣáájú yín débí

Lórí omi, ẹ ní kí ọlọ́kọ̀ fi Òkè Kẹ́tsà hàn yín, àpáta gàgàrà tó dá dúró nítòsí Jẹ́bà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ láyé àtijọ́. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò, rí i nígbà tí wọ́n ń tukọ̀ bọ̀ láti Búsà lọ sí òkun ní 1830, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring tí Dókítà Baikie kó èrò wọ̀ gbá àpáta abẹ́ omi ní àgbègbè yìí, ó sì rì. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó wà pẹ̀lú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Glover, tó fẹsẹ̀ gba ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Èkó tó sì wá di gómìnà ibẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹni tí orí ìwé yìí kàn jù nínú wọn ni èyí tí kò lókìkí. Charles Barter ni onímọ̀ ewéko tí wọ́n mú wá, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ní ọgbà Kew. Nígbà tí ọkọ̀ ti rì, tí àwọn yòókù ń retí ọkọ̀ mìíràn létí odò, iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ń ká ewé, ó ń tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ó ń kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀, títí tó fi kú ní Rábà ní 1859. Ewéko kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, Anubias barteri, ni àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì ń rà káàkiri ayé lónìí, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì gbọ́ orúkọ Odò Ọya rí. Ní etí odò, ẹ wo igi emi àti igi irú. Àwọn náà wà lára ohun tí ojú Barter ń rí lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, ẹ bèèrè nípa Táda, abúlé Nupé ní ìsàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ère ọkùnrin tó jókòó, tó jọ iṣẹ́ Ifẹ̀, tó wà ní ilé ọnà ìjọba àpapọ̀ ní Èkó báyìí. Àwọn ère onídẹ mìíràn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló kàn wá: erin wà nínú wọn, ògòǹgò náà sì wà. Ẹni tó bá wo etí odò yìí lónìí kò ní rí ẹyọ kan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Kàínjì

Ẹnikẹ́ni tó bá dé Jẹ́bà á fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ sí ọgbà ẹranko Kàínjì. Ọgbà náà lé ní kìlómítà 5,300 níbùú-lóròó, apá kan rẹ̀ wọ Kàyámà àti Bàrùtẹ́ẹ̀nù ní ìpínlẹ̀ wa, ó sì wà lára ibi tí kìnnìún ṣẹ́ kù sí ní Nàìjíríà. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ báyìí. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn agbébọn ti sọ igbó náà di ibùba, tí àwọn abúlé àyíká sì ń fara gbá a. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá ní òun mọ ọ̀nà tó pamọ́, ẹ fún un lówó iṣẹ́ tó ti ṣe, kí ẹ padà.

Kíkọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀

Ẹ mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsù dání. Omi kì í pa pẹ́ńsù rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà àti bí omi ṣe ga tó. Ẹ kọ gbogbo ẹyẹ tí ẹ mọ̀, títí kan lékeléke àti àwòdì, nítorí ìwé tó ní kìkì ẹyẹ àrà kò wúlò fún àwọn onímọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe láti 2015 láti ya àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà hàn, Nigerian Bird Atlas Project. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ APLORI ní Jọ́ọ̀sì wà nídìí rẹ̀, ará ìlú ló sì ń kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ náà jọ fún wọn. Áàpù BirdLasser ni kí ẹ gbé sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí odò kò ṣeé gbọ́kàn lé. Á pa ohun tí ẹ bá kọ mọ́ títí tí ẹ ó fi padà síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Wọ́n pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, wákàtí méjì ó kéré tán ni wọ́n sì fẹ́ kí ẹ lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìwé yín tó pé. Orí omi, wákàtí méjì yẹn kì í pẹ́ pé. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó ní òrùka lẹ́sẹ̀, ẹ gbìyànjú láti ya òrùka náà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú orúkọ abúlé tó súnmọ́ ibẹ̀ jù.